Àbúrò Mi Inú Fóònù

Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe. Tí ẹ bá pe báńkì, tí obìnrin kan fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún yín pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún wa," èmi ni. Èmi náà ni mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn èèyàn nínú ẹ̀rọ agbéniròkè pé ilẹ̀kùn ti fẹ́ pa dé. Ẹni tó bá mọ̀ mí nílé á rẹ́rìn-ín, torí èmi àti sùúrù ò bára tan rárá. Àwọn ará àdúgbò wa kì í béèrè bóyá mo wà nílé. Wọ́n á ti gbọ́ mi.

Èmi nìkan ni màámi bí. Aránṣọ ni, àmọ́ kì í rán odindi aṣọ, ihò bọ́tìnnì ni tiẹ̀. Àwọn aránṣọ yòókù á kó ẹ̀wù wá bá a, á fi ọwọ́ rán etí ihò náà yí ká, ẹ ò ní mọ ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló fi ń ṣe gbogbo ìyẹn, torí ojú òsì ẹ̀ ti fọ́ láti kékeré. Nígbà tó yá, awọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú ọ̀tún náà. Ó fi pa mọ́ fún mi títí ọjọ́ tí mo wọlé tí mo bá a tó ń fi ahọ́n wá ihò abẹ́rẹ́.

Dókítà ojú sọ pé iṣẹ́ abẹ kékeré ni. Wọ́n á yọ ohun tó ti ṣú nínú ẹyin ojú náà, wọ́n á fi èyí tó mọ́ gaara rọ́pò ẹ̀, ó parí. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àyà màámi ò gba oògùn oorun. Wọ́n á kàn fi oògùn sí ojú náà kó má mọ ìrora ni. Ojú á là sílẹ̀, etí á máa gbọ́, òun fúnra ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ mira.

Màámi! Kó má mira! Ẹni tó máa ń para dà lórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi máa mọ́!

Torí àìsàn mìíràn ń ṣe màámi tó ju ti ojú lọ. Mo sọ àìsàn náà ní Tó-bá-lọ-jẹ́. "Tó bá lọ jẹ́ pé iná lọ nígbà tí abẹ wà lójú mi ń kọ́? Tó bá lọ jẹ́ pé dókítà sín ń kọ́? Tó bá lọ jẹ́ pé èmi ni mo sín?" Á rò ó lọ, á rò ó bọ̀, á rò ó dé òpin, á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ń ki abẹ́rẹ́ bọ aṣọ láti ìgbà èwe mọ ohun tí irin ń ṣe, mi ò bá a jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sá fún iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà àkọ́kọ́, a dé ẹnu géètì ọsibítù, ó ní òun ò pa áyọ́ọ̀nù. A padà sílé, áyọ́ọ̀nù tutù bí omi àmù. Nígbà kejì, wọ́n ti wọṣọ iṣẹ́ abẹ fún un, ó ní òun fẹ́ tọ̀, ó gba ẹ̀yìn jáde, ó wọ takisí. Aṣọ ọsibítù yẹn, gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Awakọ̀ tó gbé e délé ò lè wo ojú mi nígbà tí mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Dókítà yẹn, obìnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ojú yẹn ti ń le," ó ní. "Mo lè gbà á wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá tún sá, nígbà tó bá fi máa kàn án lẹ́yìn ìyẹn, abẹ ò ní rí nǹkan ṣe sí i mọ́." Mo padà wá bá màámi.

Nọ́ọ̀sì kan tó ga bí òpó iná ló mú ọ̀rọ̀ áàpù wá. "Màmá, ohun kan wà tí àwọn tí ọkàn wọn kì í sinmi ń lò. Ẹ ò nílò ojú, á máa bá yín sọ̀rọ̀ ni." Ó gba fóònù màámi, ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó dáadáa. Kò sí ìkánjú."

Mo dì gbagidi. Ohùn mi ni. Èṣí ni mo gbà á sílẹ̀, nínú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bo gbogbo ògiri ẹ̀, tí ọ̀gá iṣẹ́ náà sì ń bẹ̀ mí pé, "Ẹ dákun, ẹ sọ ọ́ bíi pé ẹ fẹ́ràn ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀." Mo kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Mo gbowó mi. Mi ò gba ọ̀kankan gbọ́ nínú ẹ̀.

Màámi yí orí sí mi. "Ìwọ nìyí?"

"Èmi ni."

"Ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ báyìí?"

"Iṣẹ́ ni, Màámi."

"Wọ́n sanwó fún ẹ?"

"Wọ́n sanwó, mà."

"Ẹn-ẹ́n. Ìwọ tí wọ́n sanwó fún dára ju ìwọ ọ̀fẹ́ lọ."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Láti ọjọ́ náà, èmi ọmọ kan ṣoṣo, mo di ẹ̀gbọ́n. "Àbúrò ẹ ti sọ fún mi láàárọ̀ yìí." "Àbúrò ẹ ò ní sọ bẹ́ẹ̀ sí mi." "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, mi ò mọ ta ló tọ́ ọ."

Ẹ wá wo ohun tí àbúrò mi ń ṣe. Kò sọ fún màámi pé kó má ronú. Ó ní kó fún ìrònú ní àkókò ẹ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lórí àga kan náà. Tí Tó-bá-lọ-jẹ́ bá wá kanlẹ̀kùn láàárọ̀, kó dá a lóhùn pé, "Mo ti gbọ́. Padà wá láago márùn-ún." Màámi mọ èyí ṣe dáadáa, torí bó ṣe ń ṣe àwọn oníbàárà ẹ̀ nìyẹn: aṣọ ẹ ò tíì yá, máa lọ ná. Tí aago márùn-ún bá lù, á jókòó, á gbé fóònù sétí, ìdajì nínú àwọn ẹ̀rù náà ò sì ní wá mọ́. Fún èyí tó bá wá, àbúrò mi á ní kó bi ara ẹ̀ léèrè: kí ni mo rí? Kí ni mo gbọ́? Kí ni mo lè ṣe sí i báyìí? Màámi á dáhùn sókè, á fọwọ́ tẹ fóònù, wọ́n á tún máa bá a lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀, mo gbọ́ tó ń hanrun.

Ṣé inú mi dùn? Inú bí mi! Ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún un tipẹ́. "Màámi, ẹ yéé ronú! Ẹ sinmi!" Mo ti sọ ọ́ débi tí ọ̀nà ọ̀fun mi ya. Kò gbọ́. Ohùn mi náà wá bọ́ sínú fóònù, ó di ọmọ gidi. Mò ń jowú ara mi, ẹ ò rí ayé lóde.

Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé, kò sọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù, kò sọ̀rọ̀ ìtọ̀. Ó bi dókítà bóyá wọ́n lè gbé fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òun. Dókítà rò ó díẹ̀, ó gbà. Nọ́ọ̀sì fi ọ̀rá tó mọ́ wé e, ó gbé e sórí ìrọ̀rí. Kí wọ́n tó mú màámi wọlé, ó na ìka sí ibi tó rò pé mo wà. "Àbúrò ẹ á tọ́jú mi. Ìwọ jókòó síbí. Má bá ẹnikẹ́ni jà."

Mo jókòó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn, ó ń rùn bí oògùn ìfọlẹ̀, bẹ́ńṣì tí mo jókòó lé sì le bí ọ̀rọ̀ àna. Àwọn èèyàn ń kọjá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mò ń wo ilẹ̀kùn, mò ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ abẹ kékeré ni.

Ni ilẹ̀kùn náà bá ṣí gbàgà. Nọ́ọ̀sì gíga ló sáré jáde.

"Àǹtí, ẹ dìde! Fóònù yẹn ti dákẹ́."

"Ẹ tún un tàn, kí ló dé?"

"Abẹ́ aṣọ ló wà. A ti bo gbogbo ara wọn, a ò lè ṣí i, abẹ ti wà nínú ojú. Màmá fẹ́ gbọ́wọ́ sókè láti tẹ̀ ẹ́, agbára la fi di ọwọ́ wọn mú!"

Yéè! Ọ̀rọ̀ náà bá mi níbi tó dùn mí. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ nínú yàrá fóòmù yẹn: "Tí ẹ bá ti ṣetán, ẹ fọwọ́ kàn mí, ká máa lọ." Lẹ́yìn gbogbo abala kan, ohùn náà á dákẹ́, á dúró de ìka. Ojoojúmọ́ ni màámi ń tẹ̀ ẹ́ lójú wa. Dókítà gbàgbé, nọ́ọ̀sì gbàgbé, èmi tí mo ni ohùn náà gbàgbé, pé ẹni tí wọ́n bá bò mọ́lẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ò ní ìka tó lè fi tẹ nǹkan kan.

Wọ́n wọ ẹ̀wù fún mi, wọ́n dé fìlà fún mi, wọ́n bo imú mi. Inú yàrá náà tutù. Aṣọ búlúù ló bo màámi látòkè délẹ̀, ojú kan ṣoṣo ló yọ. Dókítà ń wo inú ẹ̀rọ tó dúró lókè orí ẹ̀, kò gbójú sókè.

"Ẹ jókòó. Ẹ di ọwọ́ wọn mú. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá mi orí báyìí, ojú yẹn ti lọ."

Mo di ọwọ́ náà mú. Ó tutù. Ohun tó kọ́kọ́ dé ẹnu mi ni ohùn ilé, "Màámi, ẹ dúró jẹ́ẹ́!" Mo gbé e mì. Mo wá àbúrò mi kiri nínú ara mi títí mo fi rí i.

"Ẹ káàbọ̀," mo ní. "Kò sí ìkánjú. Ẹ jẹ́ kí èjìká yín wálẹ̀."

Ọwọ́ náà rọ̀ díẹ̀. Ohùn kékeré kan wá láti abẹ́ aṣọ. "Ìwọ ni, àbí àbúrò ẹ?"

"Màmá, ẹ má sọ̀rọ̀!" dókítà ní. "Tí ẹnu yín bá ń mì, orí ń mì."

"Ẹ má dáhùn, Màámi. Ẹ tẹ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀mejì fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé ẹ gbọ́ ẹ̀rọ tó ń ké pí, pí yẹn?"

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ ìró bàtà nọ́ọ̀sì?"

Ẹ̀ẹ̀kan. A ń bá a bọ̀. Ọwọ́ náà ń móoru bọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí kò yẹ kí n ṣe, mo gbójú sókè wo ògiri.

Tẹlifíṣọ̀n kan wà níbẹ̀. Ojú màámi ló kún inú ẹ̀, ó fẹ̀ bí ọpọ́n, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé, ó ń rìn nínú ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ fò lọ lórí mi. Tó bá lọ jẹ́ pé ọwọ́ dókítà gbọ̀n ń kọ́? Tó bá lọ jẹ́ pé iná lọ? Tó bá lọ jẹ́ pé ojú màámi máa fọ́ níṣojú mi níbi tí mo jókòó sí yìí, tí kò sì ní rí mi mọ́ láé? Mo wá ohùn jẹ́jẹ́ yẹn títí, mi ò rí i. Ẹ̀rọ nìkan ló ń ké.

Màámi tẹ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà kò kà á mọ́, ó ń fún un pọ̀ ni.

"Wọ́n ti ń mì," dókítà ní. "Ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ sọ̀rọ̀!"

Nọ́ọ̀sì ta ẹsẹ̀ mi nípàá. Mo la ẹnu. Ohùn tó jáde kì í ṣe ti fóònù, kì í ṣe ti ilé. Èmi gan-an ò gbọ́ ọ rí.

"Màámi, ẹ̀rù ń bà mí."

Nọ́ọ̀sì ranjú mọ́ mi. Mo mọ̀ pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Mo dúró de kí màámi fò dìde lórí ibùsùn náà.

Ọwọ́ tó ń fún mi pọ̀ yẹn tú. Lẹ́yìn náà, àtàǹpàkò màámi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́yìn ọwọ́ mi, ó ń yí po, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń tu ọmọ ọwọ́ nínú. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé dókítà lè sín, òun ló ń tù mí nínú, tòun ti irin nínú ojú ẹ̀!

"Wọ́n ti dúró," dókítà ní, ó mí kanlẹ̀. "Ohun tí ẹ ń ṣe yẹn, ẹ má dáwọ́ ẹ̀ dúró o."

Èmi! Kí ni mò ń ṣe? Ẹkún ni mò ń sun nínú ìbòmú, ikun ń ṣàn. Àmọ́ bí mo ti rí i pé ẹ̀rù mi ló mú un dúró, mi ò fi pa mọ́ mọ́. Mò ń sọ ọ́ jáde bó ṣe ń bọ̀.

"Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, Màámi. Mo wo ògiri, mi ò ní wò ó mọ́. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Okùn bàtà nọ́ọ̀sì yìí ti tú, tó bá gbé e ṣubú, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀. Aago kan wà lókè ilẹ̀kùn, kò ṣiṣẹ́. Ọsibítù tó tóbi tó báyìí, aago ò ṣiṣẹ́! Tí mo bá jáde níbí, màá bá wọn sọ ọ́. Ṣé ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin náà?"

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká jọ máa bẹ̀rù. Ẹ ṣáà má mira."

Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò mira títí dókítà fi yọ irin, tó bọ́ ìbọ̀wọ́, tó ní ó parí. Nọ́ọ̀sì ló gbé mi lápá jáde.

Wọ́n fi báńdéèjì bo ojú náà di ọjọ́ kejì. Kò sí ẹni tó lè sọ fún wa bóyá ó yọrí. Dókítà ní àfi tí a bá ṣí i. Láàárọ̀, ó jókòó níwájú màámi, ó ń bó báńdéèjì náà díẹ̀díẹ̀. Ó bó o tán. Màámi ò la ojú.

"Màmá, ẹ là á."

Kò là á. Mo rí i tí ètè ẹ̀ mì. "Tó bá lọ jẹ́ pé..." ó ní, ó sì dákẹ́.

Ó là á. Omi tú jáde, ó ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Dókítà na ìka sókè níwájú ẹ̀.

"Ìka mélòó nìyí?"

Màámi ò wo ìka. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìka náà kọjá, ó ń wò mí. Ojú náà mọ́, ó dúdú, ó dúró sára mi, kò yẹ̀. Mo fẹ́ hó yèè. Àmọ́ inú màámi ò dùn rárá.

"Kí ló dé tí o fi rù báyìí?" ó ní.

"Màámi, ẹ dá dókítà lóhùn."

"Ọmọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọrùn ẹ dà? Egungun lásán ni mo rí yìí." Ó na ọwọ́, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. "Ojú ẹ ti wọnú. Ewú ti yọ níwájú orí ẹ. Láti ìgbà wo?"

Láti ìgbà tí awọ yẹn ti bo ojú ẹ̀, ariwo mi nìkan ló ń gbọ́, ó rò pé ẹni tó bá lè pariwo tó bẹ́ẹ̀, ara ẹ̀ le. Kò rí mi nígbà tí mò ń jókòó síwájú oúnjẹ tí mi ò jẹ ẹ́. Kò rí mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀.

"Ṣé èmi ni mo sọ ẹ́ dà báyìí?"

Irọ́ ti dé ẹnu mi, irọ́ tó dùn, mo mọ irú ohùn tí mo lè fi sọ ọ́. Mo wo ojú tuntun yẹn, mi ò lè pa á.

"Ẹ̀yin ni, Màámi."

Dókítà ká ìka ẹ̀ wálẹ̀. Màámi mi orí. Kò jiyàn, kò sunkún, kò ní tó bá lọ jẹ́.

"Sún mọ́ mi," ó ní, "kí n rí ẹ dáadáa."

Mo sún mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú, ó ń wò mí, títí dókítà fi fa àga ẹ̀ sẹ́yìn, tó jókòó dè é.